Ẹ Jẹ́ Kí Ìròyìn Ètò Ìjọba Ìbílẹ̀ Dé Abúlé Kí Èèkàn Tó Wọlẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín tí wọn kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá parẹ́ lórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tí ń gbé ní ìgbèríko ni wọ́n máa ń gbọ́ kẹ́yìn nípa ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń ṣe lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀nà wọn, ọjà wọn àti ilé ìwòsàn wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ètò náà yóò kọ́kọ́ kàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìròyìn irú ètò bẹ́ẹ̀ máa dé etí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣì lè yí nǹkan padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń dá oko kòkó ní abúlé wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n dé oko, wọ́n sì bá èèkàn tí a so aṣọ pupa mọ́ lórí, tí ó tò lọ láàárín igi kòkó wọn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí aṣọ pupa lórí igi ń sọ nínú oko Yorùbá yóò mọ ìdí tí wọn kò fi fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ààlè ni wọ́n pè é. Wọ́n padà sílé, wọ́n pe mọ̀lẹ́bí jọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a sì fi ń wádìí ẹni tí ó fẹ́ fi ààlè gba oko lọ́wọ́ wọn, tí a ń fi ojú ìfura wo aládùúgbò tí a jọ ń jẹ tí a jọ ń mu. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ó là wá lójú pé àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n ri èèkàn náà, pé ọ̀nà ni ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ là gba ibẹ̀.

Nígbà tí a dé sẹkitéríàtì, wọ́n fi ìwé kan hàn wá lára pátákó tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ọ́fíìsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n fún ará ìlú láti fi mú ẹ̀hónú wá sì ti kọjá. Òṣìṣẹ́ tí ó dá wa lóhùn kò rí wa fín. Ó gbà tọkàntọkàn pé wọ́n ti kéde, nítorí ìwé wà lára ògiri. Ohun tí ó dùn mí jù lọ ni pé àwọn ará abúlé wa ti ń bẹ ìjọba fún ọ̀nà náà láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Kò sí ẹni tí ó lòdì sí i. Ká ní ẹnìkan ti bi bàbá yẹn léèrè ni, wọn ì bá mú àwọn awọnlẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn baba wọn ń gbé kòkó gbà lọ sí ọjà, èyí tí ó gba orí ilẹ̀ gíga, tí kò kan oko ẹnikẹ́ni. Ibi tí èèkàn gbà já sí àbàtà, gbogbo ọmọ abúlé ni ó sì mọ̀ pé omi a máa bo ibẹ̀ láti oṣù keje. Wọ́n là á síbẹ̀ náà. Òjò ọdún kejì gé ọ̀nà náà sí méjì, àwọn ọlọ́kadà sì padà sí ojú ọ̀nà àtijọ́. Ní ti owó gbà-máà-bínú, àwọn tí ó wà nílé ní ọjọ́ tí wọ́n wá ka igi ni orúkọ wọn wọ ìwé. Opó kan tí ó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ sí ìlú mìíràn kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé òfin, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá àánú ni a ń tọrọ tàbí ẹ̀tọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní abala keje pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ìṣètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, àti pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣe òfin tí yóò gbé ìgbìmọ̀ ìṣètò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àfikún kẹrin ìwé òfin kan náà ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀nà àti gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, kódà dé orí sísọ àdúgbò lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Wọ́n tún ní ipa tí wọn yóò kó pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera. Láti ọjọ́ tí a bá bí ọmọ abúlé títí di ọjọ́ tí a ó sin ín, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ètò ìjọba tí ó sún mọ́ ni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ń gbọ́ fìrí.

Ti ilẹ̀ ni ó wúwo jù. Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fún un ní agbára láti fún ènìyàn kan ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ oko tí ó tó 500 hẹ́kítà, tàbí ilẹ̀ ìjẹko ẹran tí ó tó 5,000 hẹ́kítà, kí ọ̀rọ̀ tó di ohun tí gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Hẹ́kítà kan ṣoṣo ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ, nítorí náà ẹ fojú inú wo iye abúlé tí 500 lè gbé mì. Òfin náà tún fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti wọ ilẹ̀ fún iṣẹ́ tí gbogbo ìlú yóò jàǹfààní. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú lórí ohun tí ó ti fi làágùn rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀ náà, ó sì ní bí ó bá jẹ́ oko ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa fi dáko. Mo bi àwọn àgbẹ̀ tí mo mọ̀ léèrè nípa ìlà tí ó gbẹ̀yìn yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ń pín láti àpò gbogbogbòò, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti ọdún 2004, nígbà tí Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà fún ètò ìṣúná, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ iye tí ó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde fún aráyé rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, pe àwọn gómìnà 36, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà, inú mi sì ṣì ń dùn sí i. Àmọ́ ariwo tí ó tẹ̀lé e dá lórí ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì rí ẹni púpọ̀ tí ó béèrè bí ará abúlé yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ gómìnà tí ó dé ọ̀dọ̀ alága, ẹni tí ń gbé ní ẹ̀yìn odò kò tíì sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan, àfi bí alága bá wá jókòó tì í, tí ó sì sọ fún un pé: ọ̀nà yìí ni a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn di ọdún tí ń bọ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ìkéde kì í fi í dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí alága, kánsẹ́lọ̀, akọ̀wé àti àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso jọ ń sọ Yorùbá nílé, kí ni ó fà á tí ètò ìṣúná, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé ìkéde fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan? Abala 97 ìwé òfin wa gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ pàápàá láyè láti fi èdè tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí i. Bí òfin bá gba àwọn aṣòfin láyè, mi ò rí ohun tí ó di káńsù ìgbèríko lọ́wọ́. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó ń ròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá ní èdè wọn. Èdè tí ó ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà kò lè ṣàìgba ìkéde ọ̀nà àti ti ọjà lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan wà tí ó máa ń ṣòro láti túmọ̀. Kí wọ́n ṣàlàyé wọn. Òṣìṣẹ́ tí kò lè ṣàlàyé ètò kan fún ìyá àgbà tí ètò náà yóò gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ètò náà má tíì yé òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èdè, ibi tí a lẹ ìwé mọ́. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ bíi ATISBO ní Òkè-Ògùn, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Tedé, tàbí Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ kan ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Ará abúlé tí ó jìnnà níbẹ̀ yóò san owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, yóò pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ó tó lè ka ìwé kan lára ògiri, kò sì ní ìdí kankan láti lọ níwọ̀n ìgbà tí kò mọ̀ pé ìwé wà. Àwọn baba wa kì í fi ọ̀rọ̀ ìlú há ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ará oko bá ti wọlé, ni akéde máa ń lu agogo rẹ̀ yí ká. Akéde ṣì wà ní abúlé púpọ̀, ọjà ọrọọrún ṣì ń kó abúlé mẹ́wàá jọ sójú kan, rédíò wà ní apá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń roko, àwọn ọmọ wa sì ní fóònù tí a lè fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ilé ìjọsìn wà pẹ̀lú, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ìkéde ìṣẹ́jú méjì kò ti ní ni ẹnikẹ́ni lára.

Mo fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn baálẹ̀ wa: sísọ fún baálẹ̀ nìkan kò tó. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò wọ́n dá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn: opó tí ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá tí ó ti lo ogún ọdún lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀, àti Fúlàní darandaran tí gáà rẹ̀ ti di àdúgbò. Bí ètò ilẹ̀ ìjẹko tàbí ọ̀nà ẹran bá ń bọ̀, tí àgbẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ ní ọjà, tí darandaran sì gbọ́ tirẹ̀ ní gáà, tí ohun tí wọ́n gbọ́ kò sì dọ́gba, ìjà ti délé nìyẹn. Àwa tí a mọ Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá mọ ohun tí àhesọ lórí ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹnu kan náà.

Bí ìkéde bá wá dé, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Mo ti gbọ́ ìkéde tí kò sọ ju pé ìjọba fẹ́ mú ìdàgbàsókè bá ìgbèríko; ẹni tí ó gbọ́ irú rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò béèrè. Ìkéde tí ó wúlò a máa sọ ibi tí ọ̀nà yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, pẹ̀lú orúkọ odò, igi ìrókò àti oríta tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀. A máa sọ iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé e fún, oṣù tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, oko àwọn tí yóò kàn, ẹni tí a lè lọ bá bí a bá ní ẹ̀hónú, àti ọjọ́ tí àyè ẹ̀hónú yóò tì. Bí iṣẹ́ bá sì dúró lágbedeméjì, kí wọ́n padà wá sọ ìdí. Ará oko mọ sùúrù ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ ni kì í jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tí ó wà ní káńsù, mo sì gbà pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn a máa pe ìpàdé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í wá. Bẹ́ẹ̀ ni, a kì í wá. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń pè é sí, ní oṣù tí àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo lọ́wọ́, ní gbọ̀ngàn tí ó jìnnà sí oko. Kí wọ́n gbé ìpàdé náà wá sí abúlé, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ tí a kì í lọ sóko, kí wọ́n sì wo iye ènìyàn tí yóò jókòó. Wọ́n ní àwọn olóṣèlú yóò dá a rú. Ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n olóṣèlú kan náà ni yóò fi àhesọ dá ètò náà rú bí ìpàdé kò bá sí. Ní ti ìnáwó, agogo akéde àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí rédíò kò lè wọ́n tó ọ̀nà tí a là sínú àbàtà tí omi sì gbá lọ.

Ẹ̀yin ará ìgbèríko bíi tèmi tí ẹ ń ka èyí, tàbí tí ẹnìkan ń kà á sí létí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó de akéde nìkan. Òfin òmìnira ìsọfúnni tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọdún 2011, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní FOI, fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí pàtàkì bá wà. Owó ṣíṣe ẹ̀dà ìwé, àti ti àdàkọ rẹ̀ bí ó bá pọn dandan, nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́, nítorí òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ ọ ni òfin ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ká ní mo mọ èyí ní ọjọ́ tí a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, a kì bá ti padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin Olóòtú, ọwọ́ yín ni mo fi ìyókù lé. Ìròyìn ìjọba ìbílẹ̀ tí a máa ń kà jù ni ti ẹni tí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó fi ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ àti alága tí kò gbọ́ ti gómìnà mọ́. Ó dára kí a mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ fún àgbẹ̀ ibi tí èèkàn yóò gbà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ìgbèríko. Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ni ó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Bí ẹ bá mú ọ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní tó ọdún mẹ́ta tí ẹ ó fi yí gbogbo wọn ká, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tí ó jìnnà jù sí olú ìlú ìpínlẹ̀. Kí ẹ béèrè ètò ìṣúná wọn, kí ẹ tẹ orúkọ ọ̀nà, ọjà àti ilé ìwòsàn tí ó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ láti fèsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ìwé ìròyìn kì í dé abúlé wa fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ìlú bọ̀ ni ó ń mú un wá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, èmi yóò máa ra ẹ̀dà méjì, n ó sì máa ka ojú ewé náà sókè ní ọjọ́ ọjà, lábẹ́ igi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ní àwọn yóò wá gbọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín láti ìgbèríko